Òdòdó Létí Òjò Dídì: Ṣé A Lè Gbé Ọmọ Lọ sí Òkè Rainier?

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Seattle, ìlú ńlá kan ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àbúrò sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Baálé ilé fẹ́ kí gbogbo wọn jọ lọ rìn lórí Òkè Rainier ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé òdòdó orí òkè náà kò lẹ́gbẹ́. Ó ní òun gun Òkè Ìdànrè nígbà tí òun wà ní ilé-ẹ̀kọ́, òkè wo ni ó tún kù tí òun kò lè gùn? Ìyàwó ní òun rí fọ́tò ibẹ̀, òun rí òjò dídì nílẹ̀ ní àárín gbùngbùn ìgbà ooru, àyà òun sì já nítorí ọmọ ọwọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: ṣé kí àwọn lọ ni, àbí kí àwọn má lọ?

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ tí baálé yín dá, kì í sì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n júwe fún un ni kí ẹ gbé ọmọ gbà.

Òkè Rainier kì í ṣe ẹgbẹ́ Ìdànrè. Gíga rẹ̀ jẹ́ 14,410 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí í ṣe 4,392 mítà. Òkè ayọnáyèéfín ni, tí ó sùn ṣùgbọ́n tí kò tíì kú. Odò yìnyín tí ó lé ní ogún ni ó rọ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ìgbín. Tahoma ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè é kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1899 ni ìjọba Amẹ́ríkà sọ òkè náà àti igbó tí ó yí i ká di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí abiyamọ gun orí ténté rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tí ó ní okùn àti àáké yìnyín ni ìyẹn. Ibi tí àwọn ìdílé ń lọ ni pápá kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà níhà gúúsù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paradise, ìyẹn Párádísè. Ìtàn sọ pé obìnrin kan nínú ìdílé Longmire, tí wọ́n tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè náà, ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ fojú kan òdòdó ibẹ̀. Ọkọ̀ ń dé ibẹ̀, nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ láti Seattle. Nígbà tí ẹ bá fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ti wà ní 5,400 ẹsẹ̀ bàtà lókè ná kí ẹ tó rin ìrìn kankan. Bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè, ẹ fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú bí ẹ bá lè dúró díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Gbígbé mì ni yóò ṣí etí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òkè ń dí.

Ohun tí ó mú kí òjò dídì pẹ́ níbẹ̀ ni pé ó pọ̀ jù fún oòrùn. Afẹ́fẹ́ tí ó rù omi ń fẹ́ bọ̀ láti orí Òkun Pàsífíìkì, ó ń kọlu òkè, ó ń gòkè, ó ń tutù sí i, ó sì ń da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sí Paradise. Lọ́pọ̀ ọdún, èyí tí ó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan máa ń lé ní 600 íńṣì. Láàárín ọdún 1971 sí 1972, 1,122 íńṣì ni wọ́n wọ̀n; bí gbogbo rẹ̀ bá dúró láìyọ́ láìkì, ì bá bo ilé alájà mẹ́jọ. Oòrùn oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹfà ń bá a jà, ṣùgbọ́n kì í tètè borí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, nígbà tí àwọn ará Seattle ti ń wọ ẹ̀wù péńpé, ilẹ̀ Paradise ṣì lè funfun bí àwo tánganran.

Òdòdó àkọ́kọ́ kì í sì í dúró de ìgbà tí òjò dídì yóò kúrò tán. Lílì kan wà níbẹ̀, funfun báláú, tí àárín rẹ̀ rí bí pupa ẹyin. Ìbátan rẹ̀ kan sì wà tí ó rí bí pupa ẹyin látòkè délẹ̀. Létí ibi tí òjò dídì ti fẹ́lẹ́ ni wọ́n ti ń yọ. Ewé wọn ká ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó ń lu òjò dídì náà já, òdòdó sì ń yọ orí jáde láàárín rẹ̀ bí ọmọdé tí ó yọjú lójú fèrèsé. Oúnjẹ tí ó fi ń ṣe agbára yìí, ó ti tọ́jú rẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá sínú ohun kan lábẹ́ ilẹ̀ tí ó dà bí àlùbọ́sà. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń fẹ́ kí òjò dídì yọ́ tán pátápátá kí wọ́n tó lọ. Ní tèmi, ẹni tí kò rí lílì yìí nínú òjò dídì kò tíì rí òkè náà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní lupine, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín aró àti elésè àlùkò, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà wa ni. Ẹ wo èso rẹ̀ bí ó bá ti so, bí ẹ̀wà tútù nínú èèpo ni yóò rí lójú yín. Bí ẹ̀wà sì ti ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá ni òun náà ń ṣe fún ilẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n kí ìbátan yìí má tàn yín jẹ: májèlé ń bẹ nínú èso lupine inú igbó, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fi sẹ́nu. Òmíràn ni paintbrush, tí ó pọ́n bí àlàárì. Ohun tí ó pọ́n lára rẹ̀ jẹ́ ewé. Òdòdó rẹ̀ gan-an tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fara pamọ́ sáàárín ewé wọ̀nyí. Ìwà àfòmọ́ díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa wọ inú gbòǹgbò aládùúgbò rẹ̀ lọ fa oúnjẹ mu lábẹ́ ilẹ̀. (Àwa tí a ti gbé ilé ayálégbé rí, a mọ irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀.) Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí anemone, tí òdòdó funfun rẹ̀ ń rẹ̀ dànù kíákíá, tí orí rẹ̀ yóò wá hu irun wúruwùru bí arúgbó tí kò tíì yarun láàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni gbogbo ewéko wọ̀nyí ní láàárín òjò dídì tí ó yọ́ àti èyí tí ń bọ̀, láti hù, láti tanná, láti so. Ẹni tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà kí ó lè ya fọ́tò láàárín òdòdó lè fi bàtà rẹ̀ pa ohun tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tún hù. Òfin ọgbà náà kò gba já òdòdó rárá. Ojú ọ̀nà ni kí ẹsẹ̀ máa wà, àti orí òjò dídì níbi tí ọ̀nà bá gbà á kọjá. Ẹ kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún yẹn ní èyí láti ilé, nítorí kò rọrùn láti kọ́ ọmọ ní ohunkóhun níbi tí inú rẹ̀ bá ti ń dùn.

Ní ti ọjọ́: láti ìparí oṣù keje sí àárín oṣù kẹjọ ni òdòdó máa ń pọ̀ jù lọ ní Paradise. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù keje, òjò dídì ni ẹ ó bá púpọ̀, òdòdó díẹ̀. Kí baálé sún ọjọ́ síwájú. Ní ti ọ̀nà: èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ júwe ni Skyline Trail. Máìlì 5.5 ni, ó ń gòkè tó 1,700 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ń gba àgbàlagbà tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ó ń dé ibi kan tí wọ́n ń pè ní Panorama Point, tí ó ga tó nǹkan bí 6,800 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀gbẹ́ òkè níbẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, òjò dídì sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ó lẹ́wà ni, kí baálé bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ mìíràn. Fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gba ọ̀nà Myrtle Falls, ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta tí òkè funfun náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò tó máìlì kan, wọ́n sì da ọ̀dà sí i débi tí kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gbà á. Bí agbára bá kù, ẹ fi ọ̀nà Nisqually Vista kún un, máìlì 1.2 ni, ẹ ó sì rí odò yìnyín lọ́ọ̀ọ́kán. Òdòdó tí ẹ ó rí lójú ọ̀nà méjì yìí kò yàtọ̀ sí ti òkè.

Ohun tí ó mú mi le báyìí ni pé òjò dídì ìgbà ooru ń tan ènìyàn. Ó dúró bí ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá títí yóò fi ku bí afárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí odò. Ẹni tí ó bá gun ibẹ̀ lè já sínú omi tútù lábẹ́ òjò dídì. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró omi tí ẹ kò rí omi, ẹ dúró, ẹ padà. Lórí ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ kì í rí ohun dì mú títí yóò fi dé ibi òkúta nísàlẹ̀. Ìkùukùu sì lè bo òkè náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí òkè àti ilẹ̀ di funfun kan náà, kí ojú ọ̀nà sì pòórá; àwọn tí ó mọ ọ̀nà dáadáa ti sọnù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó gbéra lórí ẹsẹ̀, ẹ yà sí ilé àlejò ọgbà náà, kí ẹ bi àwọn aṣọ́gbà léèrè bí ọ̀nà ti rí ní ọjọ́ náà gan-an. Wọn kì í gba owó fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ aṣọ wàyí, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Fay Fuller gun òkè yìí dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ṣe é. Ẹni ogún ọdún ni. Ó wọ aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì tí ó nípọn, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ó kan ìṣó mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, ó sì fi èédú kun ojú rẹ̀ dúdú nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Sòkòtò ni ó wọ̀ dípò síkẹ́ẹ̀tì, ní ayé tí wọ́n ka irú ìmúra bẹ́ẹ̀ sí ìwà àìnítìjú fún obìnrin. Mo mú un wá sí ìrántí nítorí kò sí ohun kan nínú ìmúra rẹ̀ tí kò nídìí.

Òwú dára nílé, kò dára lórí òkè. Bí òógùn tàbí òjò dídì bá mú un rin, omi ni yóò dì mú sí ara, ara yóò sì máa tutù. Irun àgùntàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rin, ó ṣì ń mú ara móoru díẹ̀. Aṣọ pọ́líẹ́sítà tètè ń gbẹ. Nítorí náà, ẹ fi ṣòkòtò jíìnsì sílẹ̀ nílé. Ẹ wọ ọmọ ní ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tí kì í ṣe òwú, súẹ́tà lé e lórí, ẹ̀wù òjò lé ìyẹn lórí, kí ẹ lè máa bọ́ ọ tàbí kí ẹ máa fi kún un bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí. Fìlà onírun àgùntàn méjì, ìbọ̀sẹ̀ ìpààrọ̀ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Paradise lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù ju Seattle lọ ní ọjọ́ kan náà.

Ọmọ pípọ̀n ni ó gbà mí lérò jù. A bí wa sí ẹ̀yìn ìyá, a sì gbà pé kò sí ibi tí ó móoru tó o. Òtítọ́ ni, nílé. Lórí òkè, ìyá tí ń rìn ń làágùn, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta nínú afẹ́fẹ́. Ìyá á máa rò pé ooru ń mú ọmọ nígbà tí òtútù ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wọ ọmọ láṣọ kan ju ti ara yín lọ, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé itan, kí ẹ sì máa dúró ní ìṣẹ́jú ogún-ogún láti fi ọwọ́ kan àyà àti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ lè tutù láìsí ewu. Bí àyà bá tutù, ewu dé. Bí ọ̀nà bá sì ti di òjò dídì tí ń yọ̀, ẹ má ṣe pọn ọmọ rìn níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá yọ̀, ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń fi ṣubú.

Ọmọ ọdún márùn-ún tí òtútù mú yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Bí ó bá wá ń kọsẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tí ó ní òun fẹ́ sùn, kí ìrìn parí níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ lè má gbọ̀n rárá. Yóò kàn dákẹ́, ara rẹ̀ yóò rọ̀, kò ní fẹ́ mu ọmú. Ẹ má ṣe yìn ín pé ọmọ náà jẹ́jẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó rin, ẹ fi ìhòòhò ara rẹ̀ mọ́ àyà yín lábẹ́ súẹ́tà, ẹ dé e ní fìlà, ẹ dì í yípo pẹ̀lú ohun gbígbẹ, kí ẹ sì ké sí àwọn aṣọ́gbà. Ẹ̀gbọ́n lè mu ohun gbígbóná tí a fi ṣúgà sí bí ojú rẹ̀ bá dá. Ẹ má ṣe fi ọtí pa ọmọ lára, ẹ má sì ṣe fún àgbà ní ọtí mu: ọtí ń mú awọ ara gbóná, ó sì ń tú ooru inú jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé aláwọ̀ dúdú kò nílò ìpara tí ń dènà oòrùn. Awọ wa ní agbára díẹ̀ sí i, ojú wa kò ní. Bí a bá ti ń gòkè ni ìtànṣán oòrùn tí ń pa ni lára ń le sí i, òjò dídì tuntun sì lè dá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ padà sókè sí ojú ènìyàn. Ojú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni, kí ó máa ṣomi bí ẹni tí yanrìn bọ́ sí i lójú, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Kí gbogbo yín ní awò dúdú, ọmọ pàápàá, kí fìlà rẹ̀ sì ní etí tí ó gbòòrò. Ẹ fi ìpara pa abẹ́ àgbọ̀n àti ihò imú, nítorí láti ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀.

Oúnjẹ kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àfẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, omi tètè ń hó níbẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n 94 dípò 100, nítorí náà ẹ̀wà àti ìrẹsì kì í tètè jinná. Ẹ má ṣe gbé iná àti ìkòkò lọ dáná níbẹ̀. Ẹ se é nílé, kí ẹ fi fíláàsì gbé e. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ṣinṣín, ìpékeré, ẹyin bíbọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára. Ẹ̀pà yíyan ń fún ni lágbára jù gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ni; ó lè há ọmọdé lọ́fun. Omi tí ń ṣàn láti inú òjò dídì mọ́ gaara, ó sì lè ní kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, torí náà omi ilé ni kí ẹ mu. Ẹranko kan tí ó sanra tí ó ń súfèé, tí wọ́n ń pè ní marmot, yóò jókòó sórí òkúta máa wo ṣinṣín yín. Ẹ má ṣe fún un. Bí ẹ bá sì rí òjò dídì tí ó pọ́n bí ìbàrà, ohun alààyè wínníwínní kan ni ó hù sínú rẹ̀. Ọmọ yín yóò fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ má gbà fún un, nítorí ó lè dá inú rírun sílẹ̀.

Ó ku ohun kan tí lẹ́tà náà kò sọ, ṣùgbọ́n tí mo rí láàárín ìlà rẹ̀. Ìyàwó náà ń bẹ̀rù àtisọ pé ó tó, lójú ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ, lórí òkè. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dé orí òkè rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ bi baálé yín pé, "Dádì wọn, aago mélòó ni a ó yí padà?" Kí ó dá aago náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ fẹnu kò pé ẹni tí ọmọ ọwọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ bí ẹ ó bá padà ṣáájú aago náà, ẹnìkejì kò sì ní jiyàn. Ọkùnrin tí ó bá ti fọwọ́ sí èyí nílé kì í rò ó sí àfojúdi bí ó bá dé ojú ọ̀nà. Ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ẹ di ìlédìí tó dọ̀tí sínú náílọ́ọ̀nù kí ó bá yín padà wálé. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, pẹ̀lú fíláàsì kejì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Bí ẹ bá padà dé ibẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́.